Ṣé o mọ̀? Òjò àti tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu

Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ ní Kútọnu, àwòrán tó ń ti sátẹ́láìtì wá lè pòórá, nítorí pé ìgbì rédíò rẹ̀ ju 10 GHz lọ, ẹ̀kán omi a sì máa gbé irú rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n TNT, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n díjítà tí òpó orí ilẹ̀ ń fọ́n ká, ń lo ìgbì tí kò tó 1 GHz, tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́wọ́. Nítorí náà, bí àwòrán TNT bá ń já sí wẹ́wẹ́, kí onílé tó dá dẹkódà lẹ́bi (ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà), eríàlì ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá ibi tí wáyà ti wọnú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun tètè máa ń mú dípẹtà.