Ẹ̀fọ́rí Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ àti Ìtura

Ẹni tí orí ń fọ́ léraléra, tó ti ra oògùn títí tó ti sú u, ni a kọ ìwé yìí fún. Bí orí bá ń fọ́ yín fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù kan, tó sì ti lé ní oṣù 3 tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́rí ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn. Bí iye ọjọ́ náà kò bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó bá ti ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́, tí kò jẹ́ kí ẹ sùn, tí ẹ kò lè gbọ́ ti ọmọ mọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù láti gbé wá sí ilé ìwòsàn.

Ìbẹ̀rù méjì ni àwọn aláìsàn sábà máa ń bá wọlé. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé nǹkan ti hù sínú ọpọlọ àwọn. Àwọn mìíràn gbà pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. A kì í bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, torí ìrora tí èèyàn kò mọ orísun rẹ̀ a máa da ọkàn rú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé yín pé kókó inú ọpọlọ kọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀fọ́rí ọlọ́jọ́ pípẹ́. Inú àlàyé tí aláìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ ṣe ni ìdí rẹ̀ ti máa ń jáde: ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó ń mú, ohun tó ṣáájú rẹ̀, àti gbogbo oògùn tó ti lò sí i.

Ẹ̀fọ́rí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ wo èyí. Bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì, tó le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, irú èyí tí kò ṣe yín rí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni tí ibà bá bá a rìn, tí ọrùn gan, tí ojú kò sì lè gba ìmọ́lẹ̀: ó lè jẹ́ yírùnyírùn, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí ojú ṣàdédé ṣú, tàbí tí gìrì gbé èèyàn, ẹ má dúró. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà tí orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi parasitamọ́ọ̀lù bo ẹ̀fọ́rí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tàbí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí orí ń fọ́ gan-an tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹni tó ní kòkòrò HIV tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lọ́nà tuntun, ẹni tó ti lé ní ọdún 50 tí kì í ní ẹ̀fọ́rí tẹ́lẹ̀, àti ẹni tí tirẹ̀ ń le sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó sì ń bì láàárọ̀, gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà rí láìjáfara.

Ọ̀kan wà tí àwọn èèyàn kì í fura sí. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òyì ń kọ́ wọn, tí inú ń rìn wọ́n, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún nítòsí, ẹ gbé ara yín àti àwọn ọmọ jáde síta kíákíá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ojú kò sì lè rí i, ṣùgbọ́n ó lè pa odindi ìdílé mọ́jú. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní bákónì tàbí lábẹ́ fèrèsé, bó ti wù kí ẹ bẹ̀rù olè tó. Ààrò eléèédú tí a gbé wọ yàrá nítorí òtútù tàbí òjò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀fọ́rí yín bá máa ń dé lálẹ́ ọjọ́ tí kò bá sí iná nìkan, tó sì máa ń lọ tí ẹ bá jáde nílé, ẹ sọ ọ́ fún wa.

Ibà àti táífọ́ọ̀dù kọ́ ni gbogbo rẹ̀

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí orí bá ti fọ́ èèyàn, oògùn ibà ló kàn. Bí kò bá lọ, a ní táífọ́ọ̀dù ni. Ibà a máa fa ẹ̀fọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fọ́ni lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan kí ara má gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún yín lọ́mọ ìka kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà. Àyẹ̀wò náà kì í tó wákàtí kan. Tí kò bá fi ibà hàn, ẹ má lo oògùn rẹ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà nílò àlàyé. Kì í sábà fa ẹ̀fọ́rí àfi tó bá ga gan-an, bíi 180/120 sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí tiwọn ga ni nǹkan kan kò dùn rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀fọ́rí díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kó wá sọ pé òun kò lo oògùn lónìí nítorí orí kò fọ́ òun.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù

Ẹ̀fọ́rí tó ń fún orí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn èèyàn. Ó ń mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ìgbà tí wọ́n fi gèlè di orí pinpin. Kì í sábà mú èébì wá, èèyàn ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìdààmú ọkàn, àìsùn, ìjókòó pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọrùn tó ti le ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Túúlu yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń mú, orí á máa sọ kì-kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù, inú á máa rìn, èèyàn lè bì, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á di ọ̀tá. Bí èèyàn bá dìde tàbí gun àtẹ̀gùn, á tún le sí i. Láti wákàtí 4 sí wákàtí 72 ló lè wà bẹ́ẹ̀ tí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó ń tàn yinrin, tàbí ihò dúdú láàárín ohun tí wọ́n ń wò, fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 60, kí orí tó bẹ̀rẹ̀. Ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń rìn mọ́ nǹkan oṣù. Ó tún máa ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà ẹ bi ìyá yín léèrè bóyá ó ṣe òun náà rí. Ẹni tó ní túúlu kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ó ń díbọ́n. Àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ àti àwọn ọkọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ìlà yìí.

Àwọn ìdí mìíràn wà tí kò ṣòroó rí. Irun tí wọ́n dì le jù a máa fọ́ni lórí. Bí ó bá lọ nígbà tí ẹ tú u, ẹ ti rí ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń hanrun, tí mímí rẹ̀ ń dá lójú oorun, lè máa jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Bí ojú obìnrin tó sanra bá ń ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dìde, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ wò láìpẹ́, torí ó lè gba ìríran.

Nígbà tí oògùn fúnra rẹ̀ bá di okùnfà

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Nígbà tí a bá ní kí aláìsàn da àpò rẹ̀ sórí tábìlì, ohun tí a máa ń rí kò yàtọ̀ púpọ̀: sáṣẹ́ẹ̀tì parasitamọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n ti já dé ìdajì, oògùn ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sẹ́nu, ìbúprófẹ̀n, àti ọ̀rá kékeré kan tí oníkẹ́míìsì da kóró pupa àti funfun pọ̀ sí tí kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Aláìsàn náà á sọ pé, “Dókítà, tí n kò bá lò ó láàárọ̀, n kò lè dìde.”

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí èèyàn tí túúlu tàbí ẹ̀fọ́rí fífún ń mú bá ń lo oògùn ìrora lemọ́lemọ́ ju oṣù 3 lọ, ara rẹ̀ á mọ́ oògùn náà. Bí agbára rẹ̀ bá ti ń tán lára, orí á tún bẹ̀rẹ̀. Á lo òmíràn. Ẹ̀fọ́rí tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù á di ojoojúmọ́. Parasitamọ́ọ̀lù, ìbúprófẹ̀n tàbí ásípírìn tí ẹ bá ń lò ní ọjọ́ 15 lóṣù lè fa èyí. Àwọn tó jẹ́ àpòpọ̀, tí káfíìnì wà nínú wọn, àti kódíìnì àti tramadol, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Kí ẹ má bàa bọ́ sínú rẹ̀, ẹ má ṣe lo oògùn ìrora fún ẹ̀fọ́rí ju ọjọ́ 2 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a dá oògùn náà dúró. A kò ní tàn yín: orí lè kọ́kọ́ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sábà fún ọjọ́ 2 sí 10, oorun lè dá, inú lè máa rìn. Lẹ́yìn náà ó máa ń rọlẹ̀. Ẹ yan àkókò tí iṣẹ́ kò pọ̀, ẹ sọ fún ará ilé kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo kódíìnì tàbí tramadol kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Kó wá, a óò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Parasitamọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ju kóró 8 onímílígíráàmù 500 lọ fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ rántí pé ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú. Ìbúprófẹ̀n àti ásípírìn kò dára fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní ásípírìn.

Ìwé àkọsílẹ̀ yín

Ẹ ra ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Fún ọ̀sẹ̀ 4, ẹ máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà lè kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́ Ajé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, apá òsì, ó ń sọ. Mo bì. N kò jẹun láti àárọ̀, oòrùn pọ̀. Parasitamọ́ọ̀lù 2. Ó lọ ní aago 9 alẹ́. Nǹkan oṣù ku ọjọ́ 2.” Bí irú èyí bá wáyé ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, dókítà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò mọ́: túúlu ni, ebi àti nǹkan oṣù ló ń ru ú sókè. Ẹ kọ ọjọ́ tí orí kò fọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́, tàbí kó fa ìlà sára kàlẹ́ńdà.

Ohun tí ẹ óò bá pàdé ní ilé ìwòsàn

A óò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, a óò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a óò wo inú ojú, a óò ní kí ẹ rìn, kí ẹ fi ìka kan imú. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tí àkọsílẹ̀ yín sì fi túúlu tàbí ẹ̀fọ́rí fífún hàn, ẹ kò nílò àwòrán ọpọlọ. A mọ̀ pé àwọn kan ti yáwó ṣe é, tí àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé kò sí nǹkan kan, tí orí sì ń fọ́ síbẹ̀. Dókítà ni yóò sọ bó bá pọn dandan.

Fún túúlu, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ lo oògùn, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ sí yàrá tó ṣókùnkùn. Bó bá ń wá léraléra, oògùn tó ń dènà rẹ̀ wà, ojoojúmọ́ ni a sì ń lò ó. Propranolol jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò yẹ fún oníkọ́ fée. Amitriptyline ni òmíràn, a máa ń fún yín níwọ̀nba lálẹ́. Bí ẹ bá kà á lára páálí rẹ̀ pé ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ẹ má ṣe rò pé a fi orúkọ burúkú kàn yín. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀fọ́rí náà. Ó lè gbẹ yín lẹ́nu, ó sì lè kun yín lóorun. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló ń gbà kí a tó mọ̀ bóyá irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá yín mu, nítorí náà ẹ má jù ú nù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin tó ń rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ kí orí tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí àwọn kóró tí èròjà estrogen wà nínú wọn lè mú kí rọpárọsẹ̀ súnmọ́ ọn.

Nílé, ẹ máa sùn kí ẹ sì máa jí ní àkókò kan náà, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ẹ má fo oúnjẹ, ẹ máa mu omi. Káfíìnì wà nínú obì, kọfí, tíì àti ohun mímu afúnnilágbára. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹ bá ṣíwọ́ lọ́jọ́ kan, orí á fọ́. Ẹni tó ń múra ààwẹ̀ sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìdínkù yìí ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kó má sì fo sààrì.

Bí ẹ bá ń lo àgbo, ẹ sọ fún wa, kí ẹ sì gbé ìgò rẹ̀ wá. A kò ní bú yín. Àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe lè ru túúlu sókè, àwọn mìíràn sì lè bá oògùn jà nínú ara. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ tí wọ́n ti lò sín gbẹ́rẹ́ sí yín lórí, ẹ má sì da ohunkóhun sí ojú tàbí imú nítorí ẹ̀fọ́rí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yín, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò àti páálí wọn, títí kan ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àti gíláàsì ojú yín. Ẹ mú ẹnì kan tó ń rí yín nígbà tí orí bá ń fọ́ dání. Lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tuntun, kí a lè kà á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí èyíkéyìí nínú àwọn àmì ewu tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ bá yọjú kó tó dìgbà náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún yín.