Iye Plátẹ́lẹ́ẹ̀tì àti Iṣẹ́ Rẹ̀ Lára Aláìsàn Ibà Lassa ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa dà lára aláìsàn ibà Lassa nígbà tí iye plátẹ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò kéré jọjọ. Plátẹ́lẹ́ẹ̀tì ni àwọn wóró tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń so mọ́ ara wọn láti dí ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya. Nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹni tí ara rẹ̀ le a máa ní 150,000 sí 450,000. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà yìí mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Lónìí, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára ibi tí ó ti ń jà jù ní Nàìjíríà.

2. Àpẹẹrẹ láti inú àrùn mẹ́dọ̀wú C

Bí mẹ́dọ̀wú C bá ti mú kí ẹ̀dọ̀ le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kì í lè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ẹ̀yà inú tí ó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì a wú, a sì máa há plátẹ́lẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ̀dọ̀ náà kì í sì í lè pèsè èròjà tí ń mú kí mùdùnmúdùn eegun ṣẹ̀dá òmíràn tó bí ó ti yẹ. Àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún pàápàá kò bọ́ nígbà tí ó jẹ́ pé interferon ni a fi ń wo àrùn náà bí ó bá padà, nítorí pé oògùn yìí a máa dín plátẹ́lẹ́ẹ̀tì kù. Láti ọdún 2013 tí sofosbuvir ti dé ni ìnira yìí ti fúyẹ́. Nínú gbogbo èyí, iye ni ìṣòro.

3. Ti ibà Lassa

Ọ̀tọ̀ ni ti Lassa. Ìwádìí tí Cummins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1989, lórí àwọn aláìsàn ní Sierra Leone, fi hàn pé iṣẹ́ plátẹ́lẹ́ẹ̀tì gan-an ni ó ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n po omi inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ plátẹ́lẹ́ẹ̀tì ẹni tí ara rẹ̀ le, ìyẹn náà kò lè so mọ́ra bí ó ti yẹ. A jẹ́ pé ohun kan wà nínú omi náà tí ń dè é lọ́wọ́. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: kíkà lásán kò lè fi plátẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò ṣiṣẹ́ hàn wá.

4. Ìgúnlẹ̀

Nínú ìwádìí tí a ṣe ní ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ láàrin 2018 àti 2020, ènìyàn 62 ni ó kú nínú aláìsàn 510. Ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ àti ti kíndìnrín sì wà lára àmì ewu ikú. Èrò wa ni pé kò yẹ kí iye plátẹ́lẹ́ẹ̀tì tí ó dára nínú ìwé àyẹ̀wò mú wa túra sílẹ̀. Kí á yẹra fún asipirínì àti abẹ́rẹ́ inú ẹran ara, kí á máa wo èrìgì àti ojú ibi tí a ti gún aláìsàn, kí á sì máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ fa plátẹ́lẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn sí i lára, ó ṣeé ṣe kí omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ de àlejò náà lọ́wọ́ bí ó ti de onílé.