Bí Ọmọ Ilé Awo Ṣe Ń Di Awo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará òde máa ń sọ nípa ilé babaláwo. Wọ́n ní agbára ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé ọmọ tí a bá bí síbẹ̀ ti mú awo àti oògùn wá láti ọ̀run. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni ohun tí ọmọ bá nílẹ̀ àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ fi òógùn ojú wá, nítorí pé àwọn ọmọ wa kan ti ń fi ti àkọ́kọ́ rọ́pò èkejì.

Ohun tó bá nílẹ̀ kò kéré. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí ọmọ, a ó ṣe ìkọ́sẹ̀dáyé fún un láti mọ irú orí tó yàn, èèwọ̀ rẹ̀ àti ohun tí yóò máa bọ. Nígbà míì, ibẹ̀ gan-an ni Ifá ti máa ń sọ pé òun ni ọmọ yìí yóò tẹ̀ lé. Ó sì lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn ni Ifá mú, kí ó fi àrẹ̀mọ sílẹ̀. Wọ́n á wá sọ ọmọ ní Fátúndé tàbí Awóyẹmí. Ṣùgbọ́n ṣé orúkọ ló ń dífá ni? Fágbèmí mélòó ni kò fojú kan ikin rí!

Láàárín ọdún méje sí méjìlá ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá lè kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, ó sì lè mú un lọ fún olúwo mìíràn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó máa gbé àpò Ifá, kí ó máa gbálẹ̀ ojúbọ, kí ó máa já ewé, kí ó máa jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ìyà lásán ni kò wò ó dáadáa. Ọmọ tó ń já ewé ń kọ́ orúkọ ewé. Èyí tó ń gbé àpò ń gbọ́ bí a ṣe ń bá ẹni tó wá dáfá sọ̀rọ̀.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló kàn. Wọn kì í tètè fún un ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ tòótọ́. Àfọ́kù igbá mẹ́jọ ni wọ́n máa ń so mọ́ okùn fún un, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Yóò máa dà á sílẹ̀, yóò máa pe orúkọ rẹ̀: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí, títí dé Òfún. Bí ó bá ti da ojú odù 16 mọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa apá méjèèjì pọ̀, títí tí yóò fi mọ odù 256 bí ẹni mọ ojú ọmọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ikin 16: bí ó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́, kí ó tẹ méjì sórí ìyẹ̀rosùn, bí ó bá ku méjì, kí ó tẹ ẹyọ kan.

Ọmọ tó bá já fáfá kò ní pẹ́ mọ gbogbo èyí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ẹsẹ̀ Ifá. Olúwo á sọ gbólóhùn kan, ọmọ á tún un sọ, lálẹ́, láàárọ̀. Bí ó bá ṣì í, wọ́n á padà síbẹ̀rẹ̀. Ó di ibi ìyẹ̀rẹ̀ kí a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, àwọn awo á dá a lóhùn pé "Hin-in." Bí ó bá ṣi gbólóhùn, wọ́n á dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó tún un sọ, bí ó bá sì ń ṣì í lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lé e kúrò láàárín wọn. Ìtìjú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o! Ṣùgbọ́n òun ni ọgbà tí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ Ifá ká nígbà tí kò sí ìwé. Ó máa ń tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí olúwo tó ní kí ọmọ máa lọ dá dúró, ẹlòmíràn á tún lọ kọ́ ìwòsàn lọ́dọ̀ awo mìíràn.

Àwọn kan ń ka ìtẹ̀fá sí òpin ẹ̀kọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbódù kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀. Èyí tí a lè sọ ni pé igbódù ń so ẹni mọ́ odù tirẹ̀. Kò da ẹsẹ̀ Ifá síni nínú. Àgbẹ̀ ń tẹ̀fá, káfíńtà ń tẹ̀fá, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo Kúbà. Òwò ẹrú ti tú agbolé ká kí àwọn èèyàn wa tó débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni Ifá ń gbé, ìbá ti parí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló tẹ àwọn mìíràn nífá, tí wọ́n sì kọ́ wọn. Ẹni tó tẹ̀ ọ́ ni wọ́n ń pè ní padrino, ìyẹn bàbá nínú awo, ì báà má bí ọ. Títí dòní, bí wọ́n ṣe ń pe Ogbè àti Ọ̀yẹ̀kú níbẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ti ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ wọn kò gbà, bẹ́ẹ̀ ìyánífá ń bẹ nílẹ̀ wa. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán.

Nílé ńkọ́? Ọmọ ti lọ síléèwé, ó ti ríṣẹ́ sí ìlú ńlá. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí aráyé jogún, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bá kú, tí ọmọ wálé wá gbé ikin, tó gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà láàárín oṣù mẹ́ta, ta ni yóò ka odù tó bá yọ? Aláìsàn ló jókòó níwájú rẹ̀ yẹn. Ẹbọ tí kì í ṣe ti odù rẹ̀ ni yóò gbé lọ sílé, owó rẹ̀ á sì ti lọ.

Bíbọ Ifá yàtọ̀ sí dídá a. A ó bi Ifá léèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú ikin olóògbé. Ẹni náà lè máa bọ ọ́ títí ayé, kí ó máa pe awo tó gbọ́fá wá bá a dá a. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó wá ní ìgbà ìsinmi, kí ó máa gba ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà tó ṣì wà láàyè. Wọ́n ní àwọn ti gba ohùn àgbà sínú fóònù. Ó dára, kí wọ́n máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣi gbólóhùn, fóònù kò ní dá a dúró, nítorí náà kí ó padà wá kà á sétí olúwo kí ó tó kà á fún ẹni tó ń ṣàìsàn.