Ìgbónájù ẹ́ńjìnnì àti àdánù omi nínú ọkọ̀ àlòkù

Ìgbónájù ẹ́ńjìnnì jẹ́ ipò tí ooru inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti kọjá ohun tí ètò ìtutù rẹ̀ lè kápá. Nínú ọkọ̀ àlòkù, yálà tòkunbọ̀ ni tàbí èyí tí wọ́n ti lò nílé, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé omi inú ètò náà ń dínkù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú àyẹ̀wò, nítorí náà, ni ibi tí omi náà ń gbà lọ.

Bí ètò ìtutù ṣe ń ṣiṣẹ́

Pọ́ǹpù omi ni ó ń ti omi kọjá nínú irin ẹ́ńjìnnì. Omi yìí á gba ooru, á sì gbé e lọ sínú rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè mú un tutù. Ìda tó wà nínú tẹ́mósítáàtì ló ń ṣí ọ̀nà sí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá yọ́ tí ó sì wú. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán: ó ń sé omi mọ́ pẹ̀lú ipá tó fi nǹkan bíi báà 1 ju ti afẹ́fẹ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí omi tí ì bá hó ní 100 °C kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bí 120 °C. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí ipá náà bá ti kúrò, omi á hó lọ́gán, á sì tú sí ẹni tó ṣí i lójú.

Ibi tí omi ń gbà lọ

Jíjò síta ni ó rọrùn jù láti rí. Kúláǹtì a máa fi àbàwọ́n aláwọ̀ ewé tàbí pupa sílẹ̀ lára họ́ọ̀sì, lára rédíétọ̀, tàbí lábẹ́ pọ́ǹpù omi. Omi mímọ́ gaara tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ tí a tan ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kì í ṣe àrùn.

Èyí tó le jù ni omi tó ń dínkù láìsí pé ilẹ̀ tutù. Àwọn awakọ̀ a ní ọkọ̀ náà “ń mu omi”, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu, nítorí inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni omi ń wọ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ni ó ya ọ̀nà omi, ọ̀nà ọ́ìlì àti yàrá ìjóná sọ́tọ̀. Bí ó bá jó, èéfín funfun olóòórùn dídùn lè máa jáde láti sàlẹ́ńsà kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ọ́ìlì lè dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí. Omi rédíétọ̀ sì lè máa yọ ìfófòó láì tíì hó. Kì í ṣe gbogbo àmì wọ̀nyí ló máa ń yọjú pọ̀. Mẹkáníìkì lè fi òògùn olómi aláwọ̀ búlúù yẹ afẹ́fẹ́ orí rédíétọ̀ wò: bí kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáídì láti yàrá ìjóná bá dé ibẹ̀, búlúù náà á di àwọ̀ ìyeyè. Orí ẹ́ńjìnnì tí a fi alumíníọ̀mù ṣe tún lè wọ́, kí ó wá di dandan láti fá ojú rẹ̀ dọ́gba kí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tó lè jókòó lé e.

Ìgbà tí ìgbóná ń wáyé

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣùgbọ́n tó ń tutù lórí eré, fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ lórí eré ní ọ̀nà márosẹ̀ ni ó ti ń gbóná, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ ti dí, tàbí kí pọ́ǹpù má ti omi tó mọ́. Gẹ́ẹ̀jì tó gòkè tó sì dédé já wálẹ̀ kì í ṣe ìròyìn ayọ̀: omi lè ti tán débi pé inú afẹ́fẹ́ lásán ni ohun tó ń díwọ̀n ìgbóná wà.

Kí a tó ra ọkọ̀

Ní Nàìjíríà, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì kúrò, kí wọ́n so fáànù mọ́ iná tààrà, kí wọ́n sì da omi lásán sínú rédíétọ̀. Ńṣe ni ìwọ̀nyí máa ń bo àmì àrùn mọ́lẹ̀. Omi lásán kò tilẹ̀ ní èròjà tó ń dènà ìpata, ìpata sì wà lára ohun tó ń dí rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tútù ni kí olùrà lọ bá. Bí olùtà bá ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè é, kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kí ó ṣí ìdérí, kí ó wo àwọ̀ omi àti ibi tó dé, kí ó dé e padà, kí ó tan ọkọ̀ pẹ̀lú amúlétutù fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ó sì tún wọn omi náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá.