Ojú Mọ́nítọ̀ Tó Yẹ Eléré Géèmù

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan mọ́nítọ̀ tuntun mi nínú yàrá wa ní Ṣógúnlé, ojú mi rí màbo. Counter-Strike 2 ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin ń ṣe. Ọ̀tá kan gba ibi tó ṣókùnkùn kọjá. Bí mo ti yí ojú sí i, gbogbo igun náà dà bí ìgbà tí ènìyàn da epo dúdú sórí gíláàsì. Kí n tó mọ èyí tí í ṣe ènìyàn àti èyí tí í ṣe òjìji, ìbọn rẹ̀ ti bà mí. Owó àjọ oṣù mẹ́jọ ni mo fi ra nǹkan náà, wọ́n sì kọ “1 ms” gàdàgbà sára páálí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi, tó ń wòran láti orí ẹní, ló ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ò rí i pé ibi tó ṣú nìkan ló ń dàrú?”

Òótọ́ ló sọ. Mọ́nítọ̀ 144 Hz máa ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 144 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá náà sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bíi 7 péré ni ti àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì tíntìnnì tí àwòrán fi ń hàn gbọ́dọ̀ pa àwọ̀ dà kí òmíràn tó dé. Ojú VA ni mo rà. Ó yá níbi tó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti dúdú bọ́ sí àwọ̀ eérú, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lò ju 20 lọ. Àwòrán méjì ti kọjá, èyí àkọ́kọ́ ṣì ń fa ìrù. Ìyípadà tó yá jù lọ ni wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí. VA kò burú fún ẹni tó ń wo fíìmù lálẹ́. Èmi ni mo ra aṣọ òde fún iṣẹ́ oko.

Mo wọ dánfó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta tòkunbọ̀ gbé ojú TN síwájú mi. Ó yá, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Òun ni àwọn eléré ìdíje gbójú lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Orí ẹní sì ni àwọn ará yàrá mi ti ń wòran.

“Àbúrò mi, ṣé géèmù lo fẹ́ ṣe ni àbí sinimá lo fẹ́ ṣí?”

Kí n má parọ́, méjèèjì ni.

OLED ló yá jù nínú gbogbo wọn. Yàtọ̀ sí owó rẹ̀ tó ga, àwòrán tí kì í kúrò lójú kan lè fi àpá sí i lára. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí a bá pa á tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ní àdúgbò wa, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí a sì ń pa jẹnẹrétọ̀ ní kété tí a bá ṣeré tán, ìgbà wo ni yóò ráyè?

Ó ku IPS. Hitachi ti ilẹ̀ Japan gbé e jáde ní 1996. Ó lọ́ra nígbà náà. Àwọn ti òde òní ti yára, àwọ̀ wọn kì í sì í yí padà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ìsàlẹ̀. Dúdú rẹ̀ jọ eérú díẹ̀, èyí kò pa eléré ìdíje lára. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ IPS tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì wá, 60 Hz ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé dúdú tí lẹ́tà eérú wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì yí i wálẹ̀ kíákíá. Bí lẹ́tà bá ń fa ìrù, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà gba VA mi ní owó tó dùn mí, mo sì fi owó kún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀tá tún gba inú òkùnkùn kọjá. Mo rí i kedere. Mo yìnbọn, mo tàsé.

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní. “Bọ̀ọ̀dá mi, èwo la ó tún lọ pààrọ̀ báyìí?”