Òòlù Gẹdú àti Nọ́ńbà Inú Fóònù

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Igbó kò lè ṣàì mọ òòlù gẹdú. Kì í ṣe ti káfíńtà o. Lẹ́tà ló yọ síta lójú irin rẹ̀, lẹ́tà tí oníṣòwò gẹdú kọ̀ọ̀kan ti lọ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé tòun nìyẹn. Bí igi bá ti wó, wọ́n á fi àdá bó èèpo ìdí rẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gbé òòlù sókè, ó di gbà! Lẹ́tà á rì sára igi, oje á máa sun jáde létí rẹ̀. Aṣọ́gbó náà á mú òòlù ìjọba wá, á lu ìtì igi, á sì lu kùkùté tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù tí igi yẹn bá dé, ẹnu rẹ̀ àti ti kùkùté rẹ̀ kò yà.

Orí omi ni àǹfààní òòlù yìí ti ń hàn jù. Gẹdú tó bá ti igbó Ọmọ jáde, igbó tí ìjọba ti pa mọ́ láti 1925, tàbí èyí tó ti apá Abígi àti Ìwòpin wá, wọ́n máa ń so ó pọ̀ bí ẹní tẹ́lẹ̀, wọ́n á tì í gba orí ọ̀sà lọ sí àwọn sọ́míìlì Èbúté-Mẹ́ta. Igi èèyàn mẹ́fà lè wà nínú ìdì kan. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, kò sí pé à ń jà: ẹ yí ìdí igi sókè, ẹ kà á.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín náà ti gba òòlù. Bó bá jẹ́ Android ni, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Google, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Ads sí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ níbẹ̀: àmì 32, nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà láti a dé f, tí wọ́n pín sí ìdì márùn-ún. Kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè yín, orúkọ yín kò sì sí níbẹ̀. Nọ́ńbà ìpolówó ni. Google ló fún fóònù yín. Apple ti ń fún tirẹ̀ láti 2012. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ẹni tó ni gẹdú ló ni òòlù. Ti fóònù yìí, ẹlòmíràn ló lù ú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ ra igi.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì OOU kan ní Mini Campus, l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, tó ń ta lúdò lórí fóònù. Ìpolówó áàpù ìfowópamọ́ yọ sí i. Kó tó yọ, wọ́n ti fi ojú ọmọ náà ṣe gbàǹjo: áàpù lúdò ké sáfẹ́fẹ́ pé nọ́ńbà báyìí-báyìí wà lórí ìlà, ta ni yóò ra àyè? Àwọn ilé-iṣẹ́ dá a lóhùn, ọ̀kan borí, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti àsìkò sílẹ̀: kùkùté nìyẹn. Ó gba áàpù náà sórí fóònù, ó ṣí i, ohun kékeré kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀ sì tún ka nọ́ńbà yẹn: gẹdú ti dé Èbúté-Mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa fi ọ̀kan wé èkejì á ní, “Wọ́n bára mu,” onílúdò á gbowó rẹ̀.

Bó bá mọ síbẹ̀, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ni lúdò ń kà, òun ni áàpù Bíbélì ń kà, òun ni áàpù tí obìnrin fi ń ka ọjọ́ oṣù rẹ̀ ń kà, áàpù ẹ̀yáwó náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ ti mọ ìgbà tí ẹ ń jí, ibi tí ẹ ń sùn, àti ọjọ́ tí owó tán lọ́wọ́ yín. Kódà ẹni tí kò borí ní gbàǹjo yẹn ti gbọ́ nọ́ńbà yín ná. Gẹdú kò ní àṣírí. Èèyàn ní.

Ní oṣù Kẹrin 2021 ni Apple pàṣẹ pé kí áàpù tó lè tọ èèyàn lẹ́yìn bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹni tó bá ní rárá, òdo nìkan ni wọ́n á máa rí níbi nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ní rárá. Nígbà tó di oṣù Kejì 2022, Meta tó ni Facebook fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là nínú owó tó ń wọlé fún òun lọ́dún náà. Apple ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè lò dípò nọ́ńbà náà: fóònù fúnra rẹ̀ á jíṣẹ́ pé ìpolówó lágbájá mú oníbàárà kan wá, kò ní sọ ta ni, á sì dúró ó kéré tán ọjọ́ kan kó tó jíṣẹ́ náà. Bí àwọn tó wá bá kéré jù, á tún gé nínú àlàyé, kí a má bàa dá wọn mọ̀. Ó dà bí ẹni tó dúró létí ọ̀sà, tó ń ka ìdì gẹdú tó ti Abígi dé, tí kò yí ìdí igi kankan wò.

Àwa tí Android pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ńkọ́? Google kì í bi wá léèrè. Ètò ìpolówó tuntun tí kò ní nílò nọ́ńbà yìí, tó kéde fún Android ní 2022, ó pa á tì ní 2025. Ẹni tó bá fẹ́ ni yóò lọ pa nọ́ńbà tirẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin wa kò sùn ṣá o: wọ́n buwọ́ lu òfin ààbò dátà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà sì bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta ní oṣù Keje 2024. Lára ẹ̀sùn àjọ náà ni pé Meta kò jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà pàṣẹ lórí dátà ara rẹ̀.

Ẹni tó ń polówó náà ní ẹ̀dùn tirẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kan ń ta báàgì àńkárá l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ó ké sí mi: “Bọ̀ọ̀dá, mo sanwó ìpolówó, wọ́n ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, mi ò mọ èwo ló rà nínú wọn.” Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ kan sínú ìpolówó Instagram rẹ̀ pé ẹni tó bá pe “ọ̀sà” á rí ẹ̀dínwó, kó fi “igbó” sórí WhatsApp, kó fi “odò” sínú bébà tó ń há lẹ́nu géètì. Ó fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé. Ẹni tó bá rà, á pe ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun á fà á sábẹ́ ibi tó yẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a lẹ́nu ìwé yẹn. Ó ṣì ń kùn pé àwọn oníbàárà ń sá pamọ́ fóun. Mo gba fóònù rẹ̀, mo fi nọ́ńbà ìpolówó inú rẹ̀ hàn án. Ó wò ó títí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ bá mi pa tèmi rẹ́ ná.”