Pẹ́pẹ́yẹ tí kò ju ẹyẹlé lọ: Kí ló so ó mọ́ ewé òṣíbàtà?

Yopougon ló ní èrò jùlọ nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nílùú Abidjan. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn olùgbé rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ọ̀sà Ébrié wà nísàlẹ̀ rẹ̀, igbó Banco sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi àti igi ńlá, ohun méjèèjì yìí gan-an ni ẹyẹ kékeré kan nílò ní Côte d'Ivoire kó tó lè bímọ.

Nettapus auritus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ẹyẹ náà. Pẹ́pẹ́yẹ ni, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi ti rúlà ọmọ iléèwé, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta kílò. Ó wà lára àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó kéré jùlọ lágbàáyé.

Auritus túmọ̀ sí elétí lédè Látìn. Etí kankan kò yọ síta o. Akọ rẹ̀ ló ní àmì aláwọ̀ ewé títàn ní ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, tí ìlà dúdú yí ká. Ojú rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ pọ́n bí amọ̀. Abo kò ní àmì yìí.

Pẹ̀lú gbogbo ẹwà yìí, ó ṣòro láti rí, nítorí pé àárín òṣíbàtà ló ń gbé. Èso òṣíbàtà ni olórí oúnjẹ rẹ̀: yóò fi ẹnu kúkúrú rẹ̀ ya èso náà, yóò sì kó kóró inú rẹ̀ jẹ. Bí ewu bá ń bọ̀, kì í tètè fò. Ṣe ni yóò dúró jẹ́ẹ́ láàárín ewé.

Inú ihò igi ló sábà máa ń yé sí, nígbà mìíràn ní ibi tó ga ju mítà 10 lọ. Abo nìkan ló ń sàba lé ẹyin náà, fún nǹkan bí ọjọ́ 24. Àwọn ọmọ tí kò tíì lè fò ni yóò fúnra wọn bẹ́ sílẹ̀ láti òkè.

Kí ló yí padà nínú ọ̀sà náà?

Omi tó dákẹ́, tí kò níyọ̀, ni òṣíbàtà ń fẹ́. Lọ́dún 1950, wọ́n la ipadò Vridi kí ọkọ̀ òkun lè wọ èbúté Abidjan, omi òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ọ̀sà. Láti àwọn ọdún 1980 ni ewéko omi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tó ń léfòó, ti ń bo ojú omi tí kò níyọ̀, tí kì í jẹ́ kí oòrùn dé ọ̀dọ̀ ewéko tó wà nísàlẹ̀. Ìdọ̀tí ilé àti ti iléeṣẹ́ tún wà níbẹ̀.

Igbó Banco, tó di ọgbà ìtura ìjọba lọ́dún 1953, ṣì ní igi àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ti yí i ká. Àmọ́ igi nìkan kò tó níbi tí kò bá sí òṣíbàtà.

Àjọ IUCN kò ka ẹyẹ yìí mọ́ àwọn tó fẹ́ẹ́ parun, nítorí ó wà láti Senegal títí dé Gúúsù Áfíríkà àti Madagascar. Bí adágún kan bá gbẹ, yóò ṣí lọ sí òmíràn. Irú adágún kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń da yanrìn dí nígbà tí ìlú bá ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé.